Ta Ni Yóò Hun Ẹ̀wù Akọni Wa?

Ọ̀rọ̀ kan wà tí a ń gbọ́ lẹ́nu àwọn àgbà ní Ṣakí, ní Ìsẹ́yìn àti ní gbogbo Òkè-Ògùn, pàápàá jùlọ ní yàrá àwọn olùkọ́ nígbà ìsinmi ọ̀sán. Wọ́n ní àwọn ọmọ wa ti ya wèrè sí àwòrán àwọn ará Jàpáànù. Wọ́n ní ọmọ tí kò lè ka ìwé rẹ̀ já yóò máa ka orúkọ àwọn jagunjagun inú àwòrán bí ẹni ń ki oríkì bàbá rẹ̀. Yóò sì tu owó jọ láti bá àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ wọkọ̀ lọ sí Èkó ní òpin ọ̀sẹ̀, kí wọ́n lè wọ ẹ̀wù àrà àti irun àtọwọ́dá ní gbangba. Ẹ̀sùn náà wúwo. Ṣùgbọ́n agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ó yẹ kí a gbọ́ ti àwọn ọ̀dọ́ náà pẹ̀lú.

Ánímè ni àwọn ará Jàpáànù ń pe àwòrán tí a yà, tí a sì mú kí ó máa rìn kí ó sì máa sọ̀rọ̀ nínú sinimá àti tẹlifíṣọ̀n. Mángà ni wọ́n ń pe ìwé tí a fi àwòrán sọ ìtàn inú rẹ̀. Àwọn tí wọ́n fẹ́ràn nǹkan wọ̀nyí a máa péjọ, wọn a sì máa múra bí akọni tí ó wù wọ́n. Ní Èkó, Ayọ̀délé Ẹlẹ́gba dá èyí tí a mọ̀ sí Lagos Comic Con sílẹ̀ ní ọdún 2012, àwọn mìíràn sì ti tẹ̀ lé e.

Èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi mẹ́ta, olùkọ́ ni gbogbo wa, fi òpin ọ̀sẹ̀ kan lọ wo ọ̀kan nínú irú àpèjọ bẹ́ẹ̀. A kò bá ìjà níbẹ̀, a kò sì bá ìwà ìbàjẹ́. Àwọn ọ̀dọ́ ni a bá tí wọ́n pàtẹ ìwé tí àwọn fúnra wọn kọ tí wọ́n sì yàwòrán sí. A rí ọmọkùnrin kan tí ó fi páálí àti fóòmù ṣe ẹ̀wù ogun, tí ó kùn ún títí ó fi dà bí irin. A rí ọmọbìnrin kan tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ rán ẹ̀wù rẹ̀. A bi í léèrè ìdí tí kò fi múra bí Mọremí. Ó kúnlẹ̀ kí wa, ó sì fèsì pé òun kò tíì rí ìwé tí ó fi bí Mọremí ti ń múra han òun, ṣùgbọ́n òun ti rí ti akọni Jàpáànù yìí láti iwájú, láti ẹ̀yìn àti láti ẹ̀gbẹ́. Nínú àwa olùkọ́ mẹ́rin, kò sí ẹni tí ó rí ọ̀rọ̀ sọ.

Ẹ̀yin ará, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Kì í ṣe pé ọmọ wa ń wọ ẹ̀wù akọni ni ó burú. Pé kò rí ẹ̀wù akọni tirẹ̀ wọ̀ ni ó yẹ kí ó dùn wá.

Nítorí kí ènìyàn múra bí ẹlòmíràn fún ìdùnnú èrò kì í ṣe àjèjì ní ilẹ̀ yìí. A kò sọ̀rọ̀ eégún ilé. Ará ọ̀run ni, a kì í fi ṣeré. Eégún aláré ni à ń wí, àwọn apidán tí a tún ń pè ní alárìnjó. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1826, òyìnbó arìnrìn-àjò Hugh Clapperton àti Richard Lander dé Ọ̀yọ́-Ilé, tí ahoro rẹ̀ wà lónìí nínú igbó ọba tí ó bá Òkè-Ògùn pààlà. Aláàfin pè wọ́n wá wo eré. Àwọn aláré kọ́kọ́ jó nínú àpò. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi òjòlá hàn. Ní ìkẹyìn ni ẹnìkan jáde bí òyìnbó: ó funfun, ó gbẹ, ó ń gbọ̀n bí ẹni tí òtútù mú, ó ń fín áṣáà, ó sì ń rìn gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ bí ẹni tí kò fi ẹsẹ̀ lásán tẹ ilẹ̀ rí. Clapperton fúnra rẹ̀ ni ó kọ ọ́ sínú ìwé. Nígbà náà, àwa ni a ń fi àlejò ṣe eré. Lónìí, eré àlejò ni à ń wò.

Báwo ni Jàpáànù ṣe ṣe é? Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1963 ni àwòrán Osamu Tezuka, ìtàn ọmọ onírin tí a mọ̀ sí Astro Boy, bẹ̀rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n wọn. Nígbà náà, WNTV ti lo ju ọdún mẹ́ta lọ ní Ìbàdàn, nítorí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn tí ó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ọdún 1955 ni ó ṣí i ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 1959. A kò ṣaláìní ẹ̀rọ. Ohun tí wọ́n fi jù wá lọ ni pé wọ́n gbá ìtàn ilé wọn mú, wọn kò sì jẹ́ kí ó bọ́. Naruto tí àwọn ọmọ wa ń pariwo rẹ̀, tí Masashi Kishimoto bẹ̀rẹ̀ sí tẹ̀ jáde ní ọdún 1999, orí ìtàn àtijọ́ nípa kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ onírù mẹ́sàn-án ni ó dúró lé. Ọjà ìwé àwòrán tí wọ́n ń pè ní Comiket, nǹkan bí 700 ènìyàn ni ó wá síbẹ̀ nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Tókíyò ní oṣù kejìlá ọdún 1975. Ní ìparí ọdún 2019, iye tí a kà fún ọjọ́ mẹ́rin tó 750,000. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Àwọn ọmọ wa kan sì ti bẹ̀rẹ̀. Roye Okupe kọ ìtàn Ìyanu, ọmọbìnrin aláìlóbìí kan ní ilẹ̀ tí a fi ilẹ̀ Yorùbá ṣe àwòṣe rẹ̀. Godwin Akpan ni ó yàwòrán rẹ̀. Ìwé náà jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2021, ó sì di àwòrán tẹlifíṣọ̀n ní oṣù kẹrin ọdún 2025. Ọmọ tí ó bá fẹ́ múra bí Ìyanu ń fẹ́ aṣọ. Níbo ni yóò ti rí i bí kò ṣe ní Ìsẹ́yìn, níbi tí a ti ń hun ẹtù, àlàárì, àti sányán tí í ṣe bàbá aṣọ? Ahunṣọ tí aṣọ ẹ̀rọ òkèèrè ti ń gba oníbàárà lọ́wọ́ rẹ̀ ń wá ọjà tuntun. Ọmọ náà ń wá aṣọ. Àwa tí a wà láàárín ni kò tíì mú wọn pàdé.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ má ṣe ya ìwé tí ọmọ ń yàwòrán sí mọ́. Ẹ ní kí ó ya Ìjàpá, kí ó ya Mọremí, kí ó kọ ìtàn rẹ̀ sí abẹ́ àwòrán ní Yorùbá tí ó gún régé. Kò sí ẹni tí ó ní kí ọmọ Mùsùlùmí tàbí ọmọ Kristẹni bọ òrìṣà. Ìtàn ni a ní kí ó mọ̀. Ẹ̀yin olóṣèlú, ẹ mọ bí a ti ń ran aṣọ ẹgbẹ́ fún ọjọ́ ìpolongo ìbò. Ẹ ran ọ̀dọ́ lọ́wọ́ pẹ̀lú gbọ̀ngàn ìjọba ìbílẹ̀ fún ọjọ́ méjì péré lọ́dún. Ní Ìsẹ́yìn ni Dókítà Wálé Òkédìran dá ilé àwọn òǹkọ̀wé Ebedi sílẹ̀ ní ọdún 2010, tí àwọn òǹkọ̀wé fi ń ti ilẹ̀ òkèèrè wá. Bí òǹkọ̀wé bá lè ti ọ̀nà jíjìn wá sí Ìsẹ́yìn, ayàwòrán náà lè wá. Ọ̀nà Mọníyà sí Ìsẹ́yìn, kìlómítà 65, tí Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ parí ní ọdún 2021, kì í ṣe fún àlọ nìkan. Ó wà fún àbọ̀ pẹ̀lú.

Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ṣùgbọ́n ilé tí kò bá ní ẹ̀ṣọ́, aṣọ àyálò ni àwọn ọmọ rẹ̀ yóò máa wọ̀.