Ìdí Tí Ìnira Ìrántí Fi Ń Yí Ìdájọ́ Wa Lórí Ọmọnìkejì Padà

Ní Samaru, ní Zaria, níbi tí olú-ọgbà Yunifásítì Ahmadu Bello wà, ọmọ Yorùbá, Hausa, Igbo àti Tiv lè jọ máa gbé yàrá kan náà. Tí a bá ní kí akẹ́kọ̀ọ́ kan níbẹ̀ sọ oore méjì tí ẹni tí wọ́n jọ ń gbé ti ṣe, kò ní pẹ́ rántí. Ṣùgbọ́n tí a bá ní kó ka méjìlá, yóò ronú títí, ó sì lè bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé bóyá ẹni náà kì í ṣe ọmọlúàbí tó bí òun ṣe gbà tẹ́lẹ̀.

Lọ́dún 1991, Norbert Schwarz, onímọ̀ ọmọ Jámánì, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní kí àwọn kan kọ ìgbà 6 tí wọ́n ti fi ìgboyà sọ tẹnu wọn. Wọ́n ní kí àwọn mìíràn kọ 12. Àwọn tó kọ 12 ni ẹ̀rí wọn pọ̀ jù, síbẹ̀ àwọn gan-an ló rò pé ìgboyà àwọn kéré. Ìnira tí wọ́n rí kí 12 tó pé ni wọ́n gbà gbọ́ ju ohun tí wọ́n kọ lọ.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn olùkọ́ pẹ̀lú. Lọ́dún 2006, Craig Fox ti Yunifásítì California ní Los Angeles fi hàn pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí a ní kí wọ́n dárúkọ àtúnṣe 10 tó yẹ kí a ṣe sí ẹ̀kọ́ kan fún ẹ̀kọ́ náà ní máàkì tó ga ju àwọn tí a béèrè 2 lọ́wọ́ wọn. Àléébù 10 ṣòro wá rí, ni wọ́n bá gbà pé ẹ̀kọ́ náà dáa.

Àwọn onímọ̀ méjì, Amos Tversky àti Daniel Kahneman, ti ṣàlàyé lọ́dún 1973 pé ohun tó bá tètè wá sọ́kàn là ń rò pé ó wọ́pọ̀. Ewu irú èrò bẹ́ẹ̀ pọ̀ níbi tí ẹ̀yà pọ̀ sí. Rògbòdìyàn ọdún 2000 ní Kaduna, àti ti ẹ̀yìn ìdìbò 2011 tó dé Zaria, kì í ṣòro rántí: ẹ̀mí ṣòfò, ilé jóná. Ta ló wá lè ka iye àárọ̀ tí aládùúgbò rẹ̀ tó jẹ́ ẹ̀yà mìíràn kí i, tàbí iye ìgbà tó yá a lówó? Nítorí pé oore ojoojúmọ́ ṣòro kà, a máa ń ṣe bí ẹni pé kò sí.

Àtúnṣe wà. Nígbà tí Schwarz mú kí àwọn kan gbà pé orin tó ń dún ló ń dí ìrántí wọn lọ́wọ́, wọn kò fi ìnira náà dá ara wọn lẹ́jọ́ mọ́; ohun tí wọ́n rántí ni wọ́n wò. Kí àwa náà tó pe ẹnìkan ní ẹni burúkú, ẹ jẹ́ ká béèrè: ṣé ó rẹ̀ wá ni, ṣé a ṣẹ̀ṣẹ̀ jà ni, àbí ìròyìn ló ń tún ọ̀rọ̀ kan náà sọ sí wa létí? Ìwà ẹni náà ló yẹ ká fi dá a lẹ́jọ́. Bí orí wa ṣe yá tó lọ́jọ́ náà kì í ṣe ẹ̀rí lòdì sí i.