Ṣé o mọ̀ pé afárá máa ń gùn sí i lọ́sàn-án?

Afárá Third Mainland, tó so Òwòròǹṣòkí mọ́ Erékùṣù Èkó, gùn tó kìlómítà 11.8. Nígbà tí wọ́n parí rẹ̀ ní 1990, kò sí afárá tó gùn tó o ní Áfíríkà, títí di 1996 tí afárá kan ní Káírò fi gùn jù ú lọ.

Oòrùn ọ̀sán máa ń mú kí kọnkéré àti irin fẹ̀, òtútù òru á sì mú wọn súnkì. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi àlàfo sílẹ̀ láàárín abala kan sí èkejì, tí wọ́n á fi irin àti rọ́bà bò ó; oríkèé afárá nìyẹn. Ibẹ̀ gan-an ni táyà ti máa ń dún gbà-gbà. Bí oríkèé wọ̀nyí bá gbó, omi òjò á jò wọlé, irin inú kọnkéré á dógùn-ún, kọnkéré náà á sì máa sán.

Oríkèé wọ̀nyí ni wọ́n pààrọ̀ lórí Afárá Third Mainland láti oṣù Keje 2020 di oṣù Kejì 2021. Ẹ̀gbẹ́ kan ni wọ́n ń tì. Èkejì á gba ọkọ̀ tó ń lọ sí Erékùṣù láàárọ̀, á sì gba àwọn tó ń darí bọ̀ lọ́sàn-án. Ojú èrò Èkó rí màbo, ṣùgbọ́n ó sàn ju kí afárá já lọ.

Iná pẹ̀lú máa ń ba afárá jẹ́. Ní oṣù Kẹta 2022, iná tó jó ọjà ní Àpọ́ngbọ̀n ba Afárá Èkó tó wà lókè rẹ̀ jẹ́, wọ́n sì ní láti ti apá kan rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má kó ẹrù tó lè gbiná sábẹ́ afárá.