Ilé Orí Táyà, Ọ̀nà Alaska

Ní oríta kan láàárín ìlú Dawson Creek, ní ìpínlẹ̀ British Columbia ní Kánádà, òpó funfun kan wà tí wọ́n ń pè ní máìlì òdo. Ibẹ̀ ni ìṣirò Ọ̀nà Alaska ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà ẹ̀rùn, ṣàṣà ni wákàtí tí ẹnì kan ò ní dúró ya fọ́tò níbẹ̀, tí ọkọ̀ gbàgbàrà kan tó ní bẹ́ẹ̀dì, ààrò àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ nínú yóò sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì tí yóò máa dúró dè é. RV ni àwọn onílẹ̀ ń pe irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká pè é ní ọkọ̀-ilé. Láti ìdí òpó yẹn dé Delta Junction ní Alaska, 2,232 kìlómítà ni. Ẹni tó wakọ̀ láti Èkó dé Sókótó, tó tún yí padà wálé, kò tíì rìn tó bẹ́ẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ló rò pé níwọ̀n ìgbà tí ilé ti wà lórí táyà, tí a ò ní sanwó òtẹ́ẹ̀lì, ìrìn-àjò náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ọ̀fẹ́. Irọ́ gbuu. Owó tí òtẹ́ẹ̀lì ì bá jẹ, epo ti la ẹnu dè é.

Ẹ gbé e wò báyìí. Ọkọ̀-ilé ńlá tó ń fi gálọ́ọ̀nù kan rin máìlì 10 (ọ̀pọ̀ wọn ni kò tilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀) yóò mu bí lítà 525 kó tó dé Delta Junction. Ká ní lítà kan jẹ́ dọ́là Kánádà 1.90, ó ti ń lọ sí 1,000 dọ́là nìyẹn, àlọ nìkan. Bọ́ọ̀sì kékeré tí ènìyàn tẹ́ bẹ́ẹ̀dì sí ẹ̀yìn rẹ̀, tí kò mu ju lítà 12 ní 100 kìlómítà, yóò ná bí 510 dọ́là lójú ọ̀nà kan náà. Nítorí náà, ọjọ́ tí ènìyàn yan ọkọ̀ ló ti yan ìnáwó. Ẹsẹ̀ awakọ̀ ló tẹ̀ lé e. Ilé onígun mẹ́rin ni ọkọ̀ yìí, bí ògiri ló ṣe ń kọlu atẹ́gùn. Ẹni tó rọra ń sá 90 kìlómítà ní wákàtí kan yóò rí ìyàtọ̀ lórí epo ju ẹni tó ń sá 110 lọ.

Ibi tí ènìyàn ń gbé náà ṣe kókó. Àwọn ọmọ Yorùbá tó wà ní Edmonton rí ojú rere, nítorí kò ju bí 590 kìlómítà lọ láti ọ̀dọ̀ wọn dé Dawson Creek. Ará Houston ní ju 4,000 kìlómítà lọ níwájú kó tó rí òpó funfun yẹn. Fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, ó lè sàn kó wọ bàálù lọ sí Whitehorse, olú ìlú Yukon ní Kánádà, kó lọ háyà ọkọ̀-ilé níbẹ̀, bó bá sáà ti ka ìwé àdéhùn dáadáa. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ tó ń háyà ọkọ̀ máa ń ka kìlómítà síni lọ́rùn, wọn kì í sì í gbà kí a wọ ọ̀nà olókùúta. Ìwé ìrìnnà tún ń bẹ o. Ẹni tó ní ìwé ìgbélùú Amẹ́ríkà lè wọ Kánádà bó bá mú un dání pẹ̀lú pásípọ́ọ̀tù rẹ̀ tí kò tíì kú. Ṣùgbọ́n ẹni tó ní ìwé ìgbélùú Kánádà, tó sì jẹ́ pé pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò lè wọ Alaska láìgba físà Amẹ́ríkà. Bí kò bá ní in, Yukon nìkan ti tó fún un fún odindi oṣù kan.

Ogun ló bí ọ̀nà yìí. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kejìlá 1941 ni Japan ju bọ́ǹbù sí Pearl Harbor. Jìnnìjìnnì mú ìjọba Amẹ́ríkà, nítorí kò sí títì kankan tó so Alaska mọ́ ìyókù ilẹ̀ wọn. Nígbà tó di oṣù Kẹta 1942, wọ́n ti ń kó ọmọ ogun wọ inú igbó. Wọ́n lé ní 10,000, ó sì lé ní 3,000 nínú wọn tó jẹ́ aláwọ̀ dúdú: ikọ̀ 93, 95 àti 97 ti àwọn ẹnjiníà ológun. Lásìkò yẹn, dúdú àti funfun kì í wà nínú ikọ̀ kan náà. Ọ̀gágun Simon Buckner, tó jẹ́ olórí àwọn ọmọ ogun ní Alaska, kò fẹ́ rí aláwọ̀ dúdú níbẹ̀ rárá. Síbẹ̀ ikọ̀ 95, tí ṣọ́bìrì àti ààké pọ̀ lọ́wọ́ wọn ju ẹ̀rọ lọ, ló kan afárá igi sórí odò Sikanni Chief, iṣẹ́ náà kò sì gbà wọ́n tó ọjọ́ mẹ́rin. Nígbà tó di oṣù Kẹwàá, nítòsí Beaver Creek, Refines Sims, aláwọ̀ dúdú láti inú ikọ̀ 97, wa kátápílà rẹ̀ já igbó kan, ó bá Alfred Jalufka, aláwọ̀ funfun, lórí kátápílà tiẹ̀ tó ń bọ̀ láti òdìkejì. Bí ọ̀nà ṣe pàdé nìyẹn. Ó di ọdún 1948 kí wọ́n tó ṣí i fún gbogbo ènìyàn. Láti 2017, ìpínlẹ̀ Alaska ti ya ọjọ́ 25 oṣù Kẹwàá sọ́tọ̀ láti fi rántí àwọn aláwọ̀ dúdú wọ̀nyẹn. Ẹni tó bá sún mọ́ Delta Junction yóò gba orí afárá odò Gerstle kọjá, èyí tí wọ́n ti fi sọrí wọn. Kó dẹ ẹsẹ̀ díẹ̀ níbẹ̀.

Ohun tí àwọn kátápílà wọ̀nyẹn rí lábẹ́ ilẹ̀ ló ṣì ń yọ owó lápò àwọn arìnrìn-àjò títí dòní. Ní apá ibẹ̀, ilẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ ti di gan-an pẹ̀lú yìnyín, kì í sì í yọ́ láti ọdún dé ọdún. Koríko rírọ̀ kan ló bò ó lórí bíi tìmùtìmù, òun ni kì í jẹ́ kí oòrùn rí i. Àwọn ológun kọ́kọ́ ha koríko náà kúrò, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe níbòmíràn. Kíá ni yìnyín yọ́, títì di ẹrẹ̀, ẹrẹ̀ sì ń gbé ọkọ̀ mì. Ìgbà tí wọ́n fi koríko sílẹ̀, tí wọ́n to ìtì igi lé e lórí, tí wọ́n wá da iyẹ̀pẹ̀ àti òkúta sórí igi, ni ọ̀nà tó dúró.

Ọ̀dà ni títì náà báyìí, àmọ́ ilẹ̀ ò gbàgbé. Láàárín Burwash Landing àti ibodè Alaska, yìnyín abẹ́ ilẹ̀ ń yọ́, ó tún ń dì, títì sì ń gbé ara sókè sódò bí ìgbì òkun. Àsíá kékeré ni wọ́n máa ń rì mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà níbi tó bá ti burú. Ẹni tó bá fi eré gun ọ̀kan, kọ́bọ́ọ̀dù á ṣí, abọ́ á fò, ìrẹsì á fọ́nká sílẹ̀. Ìgò epo pupa tí ènìyàn ò dì mọ́lẹ̀, kó ti gbà pé ó ti fọ́. Ká tilẹ̀ ní ìrẹsì nìkan ni, kò burú; irin ìdí táyà ló ń kán nígbà mìíràn, owó mẹkáníìkì láàárín igbó kì í ṣe kékeré, owó gbígbé ọkọ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ tún jù ú lọ. Awakọ̀ tó mọṣẹ́ kì í lépa ju 400 kìlómítà lọ lóòjọ́ ní apá ibí yìí.

Ní ti ibùsùn, Yukon rọrùn jù. Àwọn ibùdó ìjọba wà lẹ́bàá odò àti adágún, alẹ́ kan kò sì ju bí 20 dọ́là lọ. Kò sí ọ́fíìsì. Àpótí irin kan ló wà lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú àpòòwé pẹlẹbẹ. Àlejò á kọ nọ́ńbà ọkọ̀ rẹ̀ àti ọjọ́ sára àpòòwé, á ki owó sínú rẹ̀, á ya etí ìwé náà, á fi há ara òpó tó wà níwájú àyè tó yàn, á wá ju ìyókù sínú àpótí. Ẹni tí owó rẹ̀ jẹ́ 50 dọ́là lódindi nìkan, kò sẹ́ni tó máa fún un ní ṣéńjì. Owó wẹ́wẹ́ ni kó mú dání. Igi ìdáná tó wà níbẹ̀ ọ̀fẹ́ ni, àmọ́ ìtì ni, ààké ẹni la ó fi là á. Kò sí iná mànàmáná, kò sí omi gbígbóná.

Ọgbọ́n tí àwọn tó mọ ọ̀nà ń dá ni pé wọ́n á lo irú ibùdó bẹ́ẹ̀ fún alẹ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, wọ́n á wá san owó gọbọi ní ibùdó aládàáni lẹ́ẹ̀kan. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń fọṣọ, tí wọ́n ń fa omi mímọ́ sínú táǹkì, tí wọ́n sì ń da ẹ̀gbin ilé ìgbọ̀nsẹ̀ nù síbi tí wọ́n ṣe fún un. Oúnjẹ náà gba irú ètò bẹ́ẹ̀. Ọjà ńlá wà ní Fort St. John, ó wà ní Whitehorse. Ohun tó wà láàárín méjèèjì, owó rẹ̀ ń gun òkè bí ọ̀nà náà ṣe ń gùn. Gàrí kò nílò fíríìjì, àǹfààní nìyẹn fún ọmọ Yorùbá. Bó bá gbé ẹran tàbí èso, kó sọ fáwọn aṣọ́bodè kí wọ́n tó bi í.

Ohun tó dùn jù lójú ọ̀nà kò fi bẹ́ẹ̀ náni ní nǹkan. Ní Liard River, omi gbígbóná ń ru jáde láti inú ilẹ̀ láàárín igbó, ooru rẹ̀ wà láàárín 42 sí 52 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Owó díẹ̀ ni wọ́n ń gbà lẹ́nu ọ̀nà, ara tí bẹ́ẹ̀dì tóóró ti rún yóò sì nà padà. Ní Watson Lake, ọmọ ogun kan, Carl Lindley, tí àárò ilé ń sọ ní 1942, kan pátákó tó júwe ìlú rẹ̀ ní Illinois mọ́gi. Àwọn ẹlòmíràn kan tiwọn tì í. Lónìí, pátákó ibẹ̀ ti lé ní 80,000, kò sì sẹ́ni tó ń gbowó lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ kan tiẹ̀.

Ẹranko ni kò yẹ kí a fojú di. Láyìíká Liard, agbo ẹfọ̀n ilẹ̀ wọn, tí wọ́n ń pè ní bison, máa ń dùbúlẹ̀ lójú títì bíi pé bàbá wọn ló ṣe é, alẹ́ sì ni ojú kì í tètè rí wọn. Ẹfọ̀n ńlá lójú ọ̀nà, ẹ̀fọn kéékèèké létí: oṣù Kẹfà àti Keje ni ti kékeré yìí burú jù. Ìdí nìyẹn tí ó fi sàn kí ẹni tó bá lè yan àsìkò yan ìparí oṣù Kẹjọ. Ẹ̀fọn ti dín kù, òru ti padà dé, ènìyàn sì lè rí ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ ewé tó máa ń jó lójú ọ̀run. Bó bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀, àárín oṣù Kẹsàn-án ni ọ̀pọ̀ ibùdó àti ilé epo ń tìlẹ̀kùn, omi sì lè dì sínú páìpù ọkọ̀.

Àwọn kan kì í fẹ́ dúró ní Alaska. Òkun àríwá gan-an ni wọ́n ń wá, ọ̀nà Dempster ló sì ń gbé wọn lọ. Láti ìtòsí Dawson City dé Inuvik, bí 740 kìlómítà ni, òkúta wẹ́wẹ́ ni láti ìbẹ̀rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dé òpin. Wọ́n kó òkúta jọ gègèrè kí ooru má bàa dé ilẹ̀ dídì tó wà nísàlẹ̀. Láti 2017, ọ̀nà náà ti gùn dé Tuktoyaktuk létí òkun. Odò Peel àti Mackenzie wà lójú ọ̀nà, ọkọ̀ ojú omi ìjọba sì ń gbé mọ́tò sọdá lọ́fẹ̀ẹ́. Ilé epo kan ṣoṣo ló wà ní Eagle Plains, ní kìlómítà 369. Kó tó kan èyí tó tẹ̀ lé e, ènìyàn ti wọ ìpínlẹ̀ mìíràn. Táyà àpòjù méjì ni kí ènìyàn gbé. Òkúta ibẹ̀ mú, kò sì sí ẹni tó ń lẹ táyà lábẹ́ igi.

Nígbà àbọ̀, ẹni tó bá fẹ́ ọ̀nà mìíràn lè yà ní Tok, kó gba Chicken kọjá. Ìtàn tí wọ́n ń sọ ni pé ẹyẹ ptarmigan làwọn awakùsà fẹ́ fi sọ ìlú náà; nígbà tí wọn ò mọ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́, wọ́n kúkú kọ Chicken, ìyẹn adìyẹ. Ọ̀nà náà gba orí òkè dé Dawson City. Ibodè tó wà níbẹ̀, ìgbà ẹ̀rùn nìkan ló ń ṣí, kì í sì í ṣí lóru. Nígbà ẹ̀rùn yẹn, aago Yukon tún fi wákàtí kan ṣáájú ti Alaska. Ẹni tó bá gbàgbé á bá géètì ní títì. Á wakọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, á tan gáàsì, á tẹ ẹ̀bà. Á wá ta aṣọ dúdú bo fèrèsé nítorí oòrùn aago mọ́kànlá alẹ́, á sì sùn de àwọn aṣọ́bodè.