Kí Ni Onílù Agodi Fẹ́ Fi Sípáníìṣì Ṣe?

Iṣẹ́ onílù ní ibi ìgbafẹ́ yàtọ̀ sí ti òde ìgbéyàwó. Lóde ìgbéyàwó, onílù ti gbọ́ orúkọ ọkọ àti ìyàwó kó tó gbé ìyáàlù kọ́ èjìká. Ṣùgbọ́n ní Agodi Gardens n'Ìbàdàn, èrò ń wọlé, èrò ń jáde, onílù kò sì mọ ẹnì kan nínú wọn. Ọdún 1967 ni wọ́n dá ọgbà náà sílẹ̀. Omíyalé Ògùnpa bà á jẹ́ ní oṣù kẹjọ ọdún 1980, wọ́n sì tún un ṣe títí ó fi ṣí padà ní 2014. Onílù tó bá fẹ́ kí àlejò náwó níbẹ̀ gbọ́dọ̀ tètè bi í léèrè: ta ni yín, ọmọ ibo ni yín? Ìdáhùn yẹn ni yóò fi lùlù. Nítorí náà, èdè ni ìdajì iṣẹ́ yìí, mo sì gbà pé èdè Sípáníìṣì tọ́ sí ọ̀dọ́ onílù wa láti kọ́.

Ẹ wo Kúbà, níbi tí wọ́n ti ń sọ Sípáníìṣì. Fernando Ortiz, ọ̀mọ̀wé ará ibẹ̀, kọ ọ́ sílẹ̀ pé Yorùbá méjì tí wọ́n kó lẹ́rú, Añabí àti Atandá, ló ṣe ìlù bàtá àkọ́kọ́ tí wọ́n bọ lọ́nà ẹ̀sìn ní Havana, ní nǹkan bí ọdún 1830. Títí dòní, Añá ni wọ́n ń pe òrìṣà inú ìlù náà, iyá sì ni wọ́n ń pe èyí tó tóbi jù. Ọdún 1980 yẹn kan náà ni nǹkan bí 125,000 ará Kúbà gba ojú omi lọ sí Florida ní Amẹ́ríkà. Ìpínlẹ̀ yìí náà ni Disney ti ṣí ọgbà ìgbafẹ́ Animal Kingdom lẹ́bàá Orlando ní 1998, tí wọ́n ti ń gba olórin Áfíríkà síṣẹ́. Ní agbègbè Osceola tó wà nítòsí, àwọn tó ṣẹ̀ wá láti ilẹ̀ elédè Sípáníìṣì ju ìdajì aráàlú lọ.

Àwọn kan á ní Gẹ̀ẹ́sì ti tó, pé ará Kúbà mélòó ló ń wá sí Agodi? Wọn kò pọ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n àwọn olórìṣà láti òkè òkun ń wá sí ọdún Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, ibẹ̀ kò sì tó ọgọ́rùn-ún kìlómítà sí Ìbàdàn. Ẹlòmíràn á ní Faransé ló sún mọ́ wa jù. Kí ẹni tó ń ṣeré ní Kútọnu kọ́ ọ, ó dára bẹ́ẹ̀.

Àtakò tó le jù ni pé ìlù ń sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́ Yorùbá ló ń sọ: ohùn òkè, ti àárín àti ti ìsàlẹ̀ ni dùndún ń tẹ̀ lé, Sípáníìṣì kò sì ní irú ohùn bẹ́ẹ̀. Ẹnu onílù ló kù tí yóò túmọ̀ rẹ̀. Níbi tí owó àti iyì wà gan-an nìyẹn, torí púpọ̀ nínú ohun tí àwọn onílù Kúbà ń lù ni wọ́n jogún bá láìjogún ìtumọ̀ rẹ̀. Àwọn ọjọ́ àárín ọ̀sẹ̀ tí èrò kì í pọ̀ lọ́gbà tó láti bẹ̀rẹ̀: ìkíni, orúkọ, iye owó, lẹ́yìn náà àlàyé ohun tí ìyáàlù ṣẹ̀ṣẹ̀ wí. Etí tó mọ ohùn mẹ́ta Yorùbá yàtọ̀ lórí awọ kò ní pẹ́ kó tó mọ ibi tí elédè Sípáníìṣì ń tẹ ọ̀rọ̀ mọ́.