Káàdì kọ̀ǹpútà yín gbóná dé 80, ṣé ó máa jó ni?

Àwọn tó ń gbá géèmù àti àwọn tó ń ṣe fídíò ló sábà máa ń bi mí: "Ẹ̀gbọ́n, graphics card mi ti wọ 80°C o, ṣé kò ní jó?"

Kò ní jó. Nvidia fúnra wọn kọ ọ́ pé 93°C ni òpin RTX 3080, 90°C sì ni ti RTX 4090. Bó bá ti ń sún mọ́ òpin, káàdì á dín eré rẹ̀ kù fúnra rẹ̀. Ìyẹn ni géèmù yín ṣe máa ń fà tìkọ̀tìkọ̀ lọ́sàn-án gangan. Láàárín 65 sí 83 tí iṣẹ́ bá pọ̀, ẹ fọkàn balẹ̀.

Àmọ́ chip kọ́ ló máa ń kọ́kọ́ lọ o. Fáànù ni, á bẹ̀rẹ̀ sí í han. Thermal paste, ìpara tó wà láàárín chip àti irin tó ń fa ooru, á gbẹ. Ní ti kapásítọ̀ olómi, tí ooru bá fi 10°C dínkù, ọjọ́ ayé rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Kó máa gbóná, kó tún máa tutù lemọ́lemọ́ náà ń sán òjé tí wọ́n fi lẹ chip mọ́ bọ́ọ̀dù.

Lásìkò ọyẹ́ tó kọjá, tèmi dé 88 nínú yàrá mi n'Íbàdàn. Mo tú u, eruku ti dí gbogbo ojú irin pa! Búrọ́ọ̀ṣì ìkunlé tuntun ni mo fi gbá a, ó wálẹ̀ sí 76.

Tí ẹ bá fẹ́ fẹ́ atẹ́gùn sí i, ẹ kọ́kọ́ fi ìka di fáànù mú kó má baà yí.