Èló Ni Ká Tà Á? Ọ̀rọ̀ Lórí Ẹ̀rọ Kékeré Tí Àwòrán Rẹ̀ Jẹ́ Ọ̀fẹ́

Láti ìgbà tí mo ti ń to àpótí kékeré kan tó ń sọ Yorùbá fáwọn ọmọdé, ìbéèrè kan náà ni wọ́n ń bi mí: "Ṣebí o ní àwòrán rẹ̀ jẹ́ ọ̀fẹ́, kí ló dé tó o tún ń gba owó?" Ìbéèrè yẹn dáa. Tá ò bá dáhùn rẹ̀ dáadáa, iṣẹ́ náà á kú lọ́wọ́ wa, àwọn ọmọ ló sì máa pàdánù.

Ní An-Nakkasah, ní Mekka níbí, Lárúbáwá ni àwọn ọmọ wa ń sọ níta. Yorùbá ti di èdè inú ilé nìkan. Àpótí náà ò ju ọṣẹ ìfọṣọ kan lọ. Ọmọ á tẹ bọ́tìnnì, á gbọ́ ohùn ìyá àgbà: ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀, ọ̀kọ̀. Mẹ́mórì káàdì, sípíkà, bátìrì àti pátákó ẹ̀rọ kékeré kan ló wà nínú rẹ̀. Mo gbé àwòrán iṣẹ́ àti kóòdù rẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, torí pé ohùn Ìjẹ̀bú, ohùn Èkìtì àti ohùn Kétu ò dọ́gba, èmi nìkan ò sì lè gba gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Kí ìdílé tó wà ní Jeddah, ní Peckham tàbí ní Kútọnu fi ohùn ìyá tiwọn sí i.

Ṣùgbọ́n àwòrán ọ̀fẹ́ kò túmọ̀ sí ẹ̀rọ ọ̀fẹ́. Ìlànà tí àwọn tó ń ṣe irú ẹ̀rọ báyìí gbé jáde ní 2011 sọ ọ́ kedere: ẹnikẹ́ni lè wo àwòrán rẹ̀, kó yí i padà, kó ṣe é, kó sì tà á. Ìyá alákàrà lè kọ́ gbogbo àdúgbò bí wọ́n ṣe ń dín àkàrà láìgba kọ́bọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ jẹ nínú agbada rẹ̀ ṣì máa sanwó.

Ẹ wo Arduino. Ní 2005, ní ìlú Ivrea ní Ítálì, Massimo Banzi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe pátákó ẹ̀rọ kékeré kan fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n wà fẹ́ kógbá sílé, ni wọ́n bá tú àwòrán rẹ̀ síta kó má bàa bá ilé-ẹ̀kọ́ náà lọ. Síbẹ̀, wọn ò fi ẹ̀rọ náà ṣe sàráà. Nǹkan bí 30 dọ́là ni wọ́n fojú sùn, iye tí akẹ́kọ̀ọ́ lè fi jẹun lálẹ́ ọjọ́ kan nílé pítísà. Àpò ẹni tó máa rà á ni wọ́n kọ́kọ́ wò. Nígbà tó yá, àwọn mìíràn ń ṣe irú rẹ̀ tà ní owó pọ́ọ́kú. Kò sóhun tó burú níbẹ̀, àwòrán náà ti di ti gbogbo ayé. Orúkọ Arduino nìkan ni òfin ò jẹ́ kí wọ́n lò. Oko kì í jẹ́ ti bàbá tọmọ kó má ní ààlà.

Ti kọ̀ǹpútà ọmọdé tí Nicholas Negroponte kéde ní 2005 yàtọ̀. Wọ́n ti dárúkọ 100 dọ́là kí wọ́n tó ṣe é tán. Wọ́n gbà pé àwọn ìjọba á máa rà á ní mílíọ̀nù-mílíọ̀nù, iye náà á sì wálẹ̀. Wọ́n tiẹ̀ dán an wò ní ilé-ìwé kan ní Galadima, ní Abuja, ní 2007. Àmọ́ ìjọba ò rà tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é ní rẹpẹtẹ lọ́dún yẹn, iye rẹ̀ ti súnmọ́ 190 dọ́là. Iye tá a dá kí ìṣirò tó parí, gbèsè ni.

Àwọn kan á ní, "Raspberry Pi Zero jáde ní 5 dọ́là ní 2015, kí ló dé tí tìrẹ fi wọ́n?" Òótọ́ ni, àmọ́ ilé iṣẹ́ ńlá ló ń ṣe tiwọn, èmi sì ń to àádọ́ta pọ̀ lórí tábìlì. Ẹni tó ra gààrí tírélà kan àti ẹni tó ra kóńgò kan ò lè rà á ní iye kan náà.

Ẹ jẹ́ ká wá ṣírò ọ. Ká ní ohun èlò àpótí kan jẹ́ ríyàlì 60, páálí àti dídì rẹ̀ 10, owó iṣẹ́ 15, ká sì fi 5 sílẹ̀ fún èyí tó bá bàjẹ́ tí a ní láti pààrọ̀. Ó di 90. Tí mo bá tà á ní 90, kò sí owó tí a máa fi ṣe òmíràn tó dáa jù ú lọ. Tí mo bá tà á ní 100, kò sí ọlọ́jà tó máa gbà á tà, torí kí ni yóò jẹ lérè? Tó bá jẹ́ 150, ìyẹn 40 dọ́là, ọlọ́jà lè mú 40, kí 20 ṣẹ́kù. Tí òbí bá sì rà á lọ́wọ́ mi tààrà, 60 ló ṣẹ́kù. Nínú mẹ́wàá tá a bá tà bẹ́ẹ̀, 600 ni. A lè fi 90 nínú rẹ̀ ṣe ọ̀kan fún ilé-kéú láìgba nǹkan kan, kí 510 sì wà nílẹ̀ fún èyí tó ń bọ̀. Ọ̀kan yẹn ni èènì wa fún àdúgbò.

Ẹni tí 150 bá ni lára ò ní lọ lọ́wọ́ òfo. Ó lè gba ohun èlò nìkan, kó tò ó fúnra rẹ̀ pẹ̀lú ọmọ rẹ̀, ní iye tó kéré sí i. Ó sì lè gba àwòrán lọ́fẹ̀ẹ́, kó wá ohun èlò tirẹ̀. Kì í ṣe àlá lásán. Ní Lomé, ní Togo, ní 2013, Kodjo Afate Gnikou fi àfọ́kù kọ̀ǹpútà àti skánà tí wọ́n ti kó dànù ṣe ẹ̀rọ tó ń tẹ nǹkan ní 3D, ní nǹkan bí 100 dọ́là. Àwòrán ọ̀fẹ́ tí àwọn mìíràn ti fi síta ló gbé iṣẹ́ náà lé. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi bẹ̀rù ẹni tó máa ṣe irú tèmi. Bó bá rí i tà ní owó tó kéré jù, tí ọmọ kan sì gbọ́ Yorùbá, iṣẹ́ ti ṣe nìyẹn.

Nítorí náà, tí ẹnikẹ́ni bá gbé irú ẹ̀rọ báyìí wá bá yín, yálà tèmi ni tàbí ti ẹlòmíì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bi í ní nǹkan mẹ́ta kẹ́ ẹ tó náà á. Ṣé mo lè ṣí i, kí n tún un ṣe? Ṣé mo lè fi ohùn ìyá mi sí i? Tí bátìrì rẹ̀ bá kú lọ́dún tó ń bọ̀, ṣé màá ṣì rí yín? Méjì àkọ́kọ́, àwòrán ọ̀fẹ́ ló ń dáhùn wọn. Ìkẹta yẹn ni owó tẹ́ ẹ san ń rà.