Emir Kùwéìtì àti Ìwé Òfin Rẹ̀

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú wa ni ó rò pé ọba ilẹ̀ Lárúbáwá kò ní ẹni tí ó lè bi í léèrè, pé ohun tí ó bá ti sọ, abẹ gé e. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí ní ibòmíràn, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀ tán ní Kùwéìtì, ilẹ̀ kékeré kan tí ó wà ní etí òkun láàárín Ìrákì àti Saudi Arabia. Emir ni wọ́n ń pe ọba wọn. Láti ọjọ́ pípẹ́ ni àwọn ará ibẹ̀ ti ń bá ìdílé ọba jiyàn lórí ohun kan: ǹjẹ́ Emir lè ṣe ìlú láìfi ọ̀rọ̀ lọ àwọn ará ìlú? Àríyànjiyàn náà kò tíì parí títí di òní, òun ni a sì fẹ́ là yé ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa àti ẹ̀yin olùkọ́ wa.

Ní ọ̀rúndún kejìdínlógún ni àwọn ìdílé kan tí a ń pè ní Bani Utub tẹ̀dó sí etíkun náà, wọ́n sì fi Sabah, baba ńlá ìdílé Al-Sabah, ṣe olórí. Bí àwọn àgbà wọn ti ń sọ ọ́, kì í ṣe idà ni ó fi gba ipò náà; yíyàn ni wọ́n yàn án. Iyanrìn ni ilẹ̀ wọn, omi mímu pàápàá ṣọ̀wọ́n, nítorí náà òkun ni oko wọn. Àwọn oníṣòwò ni ó ni ọkọ̀, àwọn ni ó ń rán àwọn òmùwẹ̀ lọ sí ìsàlẹ̀ òkun láti wá péálì, àwọn ni ó sì ń san owó-bodè tí olórí fi ń jẹun. Ẹni tí a ń bọ́ kò lè ṣàì gbọ́ ti ẹni tí ń bọ́ ọ.

Ní ọdún 1896, Mubarak pa àwọn arákùnrin rẹ̀ méjì, Muhammad àti Jarrah, ó sì gba ìjọba. Ní ọdún 1899 ó bá àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe àdéhùn pé òun kò ní fi ilẹ̀ òun fún ìjọba mìíràn láìgba àṣẹ lọ́dọ̀ wọn. Agbára tí ó rí láti òde yìí kì í láyà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí bu owó orí lé àwọn oníṣòwò. Wọn kò gbé idà sí i. Ní nǹkan bí ọdún 1910, díẹ̀ nínú àwọn olówó péálì tí ó lókìkí jùlọ kó ọkọ̀ wọn, wọ́n sì fi ìlú sílẹ̀ fún un. Mubarak fagi lé owó orí náà, ó sì bẹ̀ wọ́n kí wọ́n padà wálé. Lójú tiwa, ọdún náà ni Ìwé Òfin Kùwéìtì ti bẹ̀rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ku àádọ́ta ọdún àti díẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó kọ ọ́ sílẹ̀.

Ní oṣù February ọdún 1938 ni wọ́n kan epo rọ̀bì ní Burgan. Ní ọdún kan náà, àwọn olórí ìdílé ńláńlá dìbò yan ènìyàn mẹ́rìnlá sí Ìgbìmọ̀ Aṣòfin, Abdullah al-Salim, ọmọ ìdílé ọba fúnra rẹ̀, sì ni alága wọn. Nígbà tí wọ́n ní kí owó tí ilé-iṣẹ́ epo ń san wọ àpò ìlú, Emir Ahmad al-Jaber tú wọn ká ní oṣù December. Wọn kò pé oṣù mẹ́fà lórí àga. Nígbà tí epo sì bẹ̀rẹ̀ sí lọ sí òkè òkun ní ọdún 1946, ayé yí padà pátápátá: ọba kò jẹun lọ́wọ́ oníṣòwò mọ́, oníṣòwò ni ó wá ń jẹun lọ́wọ́ ọba.

Kí ni ó wá dé tí Ìwé Òfin fi jáde? Ní ọjọ́ 19, oṣù June, ọdún 1961, Kùwéìtì gba òmìnira lọ́wọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí Qasim, olórí Ìrákì, fi kéde pé ara ilẹ̀ òun ni Kùwéìtì. Àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì padà wá dáàbò bò ó, ṣùgbọ́n ọmọ ogun àlejò nìkan kò tó láti fi ìdí ilẹ̀ múlẹ̀. Ó yẹ kí àwọn ará ìlú fúnra wọn lè wí pé tiwọn ni. Ta ni Emir ní àkókò náà? Abdullah al-Salim ni, alága ọdún 1938! Ó pe ìgbìmọ̀ kan jọ, tí a dìbò yan ogún ènìyàn sí, tí àwọn mínísítà sì bá wọn jókòó. Ní ọjọ́ 11, oṣù November, ọdún 1962, ó fi ọwọ́ sí ìwé tí wọ́n kọ.

Ìwé náà ní abala 183. Abala 4 sọ pé láti inú ìran Mubarak ni Emir yóò ti máa wá. Abala 6 sì sọ pé orílẹ̀-èdè ni orísun gbogbo agbára. Ẹni tí ó bá ka méjèèjì pọ̀ lè béèrè pé, ta ni ó ni ilé nígbà náà? Àwọn tí ó kọ ìwé náà kò dáhùn. Iṣẹ́ ni wọ́n pín. Emir ni ó ń yan Olórí Mínísítà. Àwọn ará ìlú ń dìbò yan aṣojú àádọ́ta sí Ìgbìmọ̀ Orílẹ̀-èdè fún ọdún mẹ́rin. Àwọn mínísítà ń jókòó láàárín wọn, ṣùgbọ́n iye wọn kò gbọdọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́ta iye àwọn aṣojú lọ. Bí Emir bá dá òfin padà, tí ìdá méjì nínú mẹ́ta Ìgbìmọ̀ sì tún fọwọ́ sí i, ó di dandan kí ó jáde.

Abala 100 àti 101 ni eyín tí ó wà lẹ́nu Ìgbìmọ̀. Aṣojú kan ṣoṣo lè pe mínísítà jáde kí ó wá jíhìn iṣẹ́ rẹ̀ ní gbangba; bí ọ̀pọ̀ aṣojú bá sì dìbò pé àwọn kò gbẹ́kẹ̀ lé e mọ́, ó gbọ́dọ̀ fi ipò sílẹ̀. Olórí Mínísítà kò sí lábẹ́ irú ìbò yìí. Ìgbìmọ̀ lè wí pé àwọn kò lè bá a ṣiṣẹ́ pọ̀, Emir yóò sì ṣe ọ̀kan nínú méjì: kí ó yọ ọ́, tàbí kí ó tú Ìgbìmọ̀ ká. Bí ó bá tú u ká, a gbọ́dọ̀ dìbò tuntun láàárín oṣù méjì. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, Ìgbìmọ̀ àtijọ́ yóò padà sórí àga rẹ̀. Abala 181 tilẹ̀ sọ ọ́ gbangba pé a kò gbọdọ̀ dá abala kankan dúró àfi nígbà tí òfin ológun bá wà, àti pé nígbà náà pàápàá a kò gbọdọ̀ dí ìpàdé Ìgbìmọ̀ lọ́wọ́.

Òfin wọn kò fi àyè sílẹ̀ fún ẹgbẹ́ òṣèlú. Diwaniya ni ó rọ́pò rẹ̀, èyí tí í ṣe yàrá àlejò ńlá tí àwọn ọkùnrin ti ń jókòó lálẹ́, tí wọ́n ń mu tíì àti kọfí, tí wọ́n sì ń tú ọ̀ràn ìlú palẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ ìbò kò gbọdọ̀ ṣàì yà síbẹ̀.

Ní oṣù August ọdún 1976, Emir Sabah al-Salim tú Ìgbìmọ̀ ká, ó sì dá àwọn abala kan dúró. Oṣù méjì kọjá, ọdún mẹ́rin kọjá, kí a tó tún dìbò ní 1981. Emir Jaber al-Ahmad tún ṣe bẹ́ẹ̀ ní oṣù July ọdún 1986. Ìwé kò lè dìde lórí tábìlì kí ó gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ẹni tí ó mú un dání. Àwọn aṣojú àtijọ́ gba diwaniya lọ, wọ́n ń pàdé níbẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ Ajé, ọlọ́pàá sì ń tú wọn ká. Lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 2, oṣù August, ọdún 1990, àwọn ọmọ ogun Ìrákì gba ilẹ̀ náà, Emir sì sá lọ sí Saudi Arabia. Ní oṣù October, ìdílé ọba àti àwọn ará ìlú tí wọ́n wà ní ìgbèkùn pàdé ní Jeddah. Ọba kò ní epo mọ́, kò ní ilẹ̀. Ènìyàn nìkan ni ó kù fún un, gẹ́gẹ́ bí ti ọjọ́ àwọn olówó péálì. Níbẹ̀ ni ìdílé ọba ti ṣèlérí pé ìjọba yóò padà sí Ìwé Òfin 1962. A lé àwọn ará Ìrákì jáde ní oṣù February ọdún 1991, a sì dìbò ní oṣù October ọdún 1992.

A kò gbọdọ̀ rò pé Ìgbìmọ̀ ni ó ń jà fún gbogbo ènìyàn nígbà gbogbo. Ní ọdún 1999 Emir fi àṣẹ fún àwọn obìnrin láti dìbò. Àwọn ọkùnrin tí a dìbò yàn ni ó kọ̀ ọ́. Ọdún 2005 ni wọ́n tó gbà, obìnrin mẹ́rin sì wọlé ní ọdún 2009.

Nígbà tí Emir Jaber kú ní oṣù January ọdún 2006, Saad al-Abdullah, Àrólé rẹ̀, ń ṣàìsàn tó bẹ́ẹ̀ tí iṣẹ́ ìjọba ju agbára rẹ̀ lọ. Ìgbìmọ̀ jókòó, wọ́n dìbò, wọ́n sì yọ Emir kúrò lórí oyè gẹ́gẹ́ bí òfin ti wí. Sabah al-Ahmad ni ó jọba. Ẹ̀jẹ̀ kò ta sílẹ̀. Ẹ fi wé ọdún 1896.

Ìjà Ìgbìmọ̀ àti àwọn mínísítà wá gbóná sí i, tó bẹ́ẹ̀ tí a fi dìbò lẹ́ẹ̀mẹrin láti oṣù December ọdún 2020 títí di oṣù April ọdún 2024. Àwọn aṣojú tuntun kò tíì jókòó rárá nígbà tí Emir Mishal al-Ahmad, ní ọjọ́ 10, oṣù May, ọdún 2024, tú wọn ká, tí ó sì dá àwọn abala kan dúró fún àkókò tí kò ní ju ọdún mẹ́rin lọ. Ní oṣù June ó yan Sheikh Sabah Khaled ní Àrólé. Abala 4 ní kí Ìgbìmọ̀ dìbò lórí irú yíyàn bẹ́ẹ̀. Kò sí Ìgbìmọ̀ tí yóò dìbò. Ọdún mẹ́rin náà yóò pé ní oṣù May ọdún 2028.